Àwámárìdí: Ọ̀rọ̀ Àbíkú àti Ohun tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwámárìdí ni ohun tí a wá títí tí a kò rí ìdí rẹ̀. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, à-wá-má-rí-ìdí ni. Yorùbá ń lò ó fún Olódùmarè, fún ikú, fún àlá, àti fún ohunkóhun tó bá kọjá òye ẹ̀dá. Òwe tó bá a rìn ni èyí tó sọ pé, "Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ẹni tó ń ka nǹkan yóò rò pé bí mẹ́fà bá ti pé, méje ló kàn. Òwe yìí ń kìlọ̀ fún wa pé ohun tó fara sin lè ju èyí tí a fojú rí lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan nínú ọ̀rọ̀ náà. "Wá" wà nínú rẹ̀. Àwọn tó sọ nǹkan ní àwámárìdí ti kọ́kọ́ wá a ná. Nítorí náà, àwámárìdí kì í ṣe ohun tí a kò gbọdọ̀ wádìí.

Àbíkú lójú àwọn baba wa

Nínú gbogbo àwámárìdí ilẹ̀ Yorùbá, ó ṣòro láti rí èyí tó pa ìyá lẹ́kún tó àbíkú. A gbà pé ọmọ kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀, pé ó ní ẹgbẹ́ lọ́run, ó sì ti bá wọn dá ọjọ́ tí yóò padà. Wọ́n so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ìró rẹ̀ lè lé ẹgbẹ́ náà sá. Bí ó bá kú, wọ́n lè sàmì sí òkú rẹ̀ kí ẹgbẹ́ má baà gbà á mọ́. Wọ́n sì fi orúkọ bẹ̀ ẹ́:

Málọmọ́: má tún lọ mọ́.
Dúrójayé: dúró kí o jẹ ayé.
Rótìmí: dúró tì mí.
Bánjókòó: bá mi jókòó.
Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ láti sin ọ́ mọ́.
Igbókọ̀yí: igbó tí à ń sin irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí kọ èyí.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka àwọn orúkọ wọ̀nyí yóò gbọ́ ẹkún ìyá nínú wọn. Àwọn olóògùn sa gbogbo ipá wọn, apá wọn kò ká a. Ìdí nìyí tí òwe fi sọ pé, "Àbíkú sọ olóògùn dèké."

Ohun tí a wá tí a sì rí

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, James Herrick, kọ ìwé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Ó fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì rí i pé díẹ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ bíi dòjé dípò kí wọ́n rí roboto. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé èròjà tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri nínú ẹ̀jẹ̀ ló yàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, ìrora ńlá á sì bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ń pe àrùn yìí ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ tó bá a mu, nítorí pé ó ń dá ni wó lónìí, ó sì ń jẹ́ kí a dìde lọ́la.

Ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ AA kò ní in. Ẹni tó jẹ́ AS ń gbé e kiri, ara rẹ̀ sì le. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, èyí tí í ṣe àrùn náà. Èyí kò túmọ̀ sí pé nínú ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan péré ni yóò ní in. Ó dà bí ìgbà tí a ń ta lúdò: a lè ju mẹ́fà lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, a sì lè ta á títí kí mẹ́fà má jáde.

Ẹ wá padà wo ọ̀rọ̀ àbíkú. Bàbá àti ìyá tí ara wọn dá ṣáṣá bímọ tó ń ṣàìsàn, ó kú. Wọ́n bí òmíràn, ohun kan náà ń ṣe é. Wọ́n bí ẹ̀kẹta, ó yè kooro. Ta ni kò ní sọ pé ọmọ kan náà ló ń padà wá? Ohun tí àwọn àgbà rí, òótọ́ ni wọ́n rí i. Ìdí rẹ̀ ni kò hàn. Kì í sì í ṣe gbogbo àbíkú ló jẹ́ SS, nítorí ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbóná pa ọmọdé púpọ̀ láyé àtijọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá

Mo kọ́ni fún ọdún pípẹ́, mo sì ti gbọ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì ń pe ẹlẹgbẹ́ wọn tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè ní àbíkú, wọn kò sì fẹ́ bá a jókòó. Ọmọ tó ń jẹ̀rora nínú egungun kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú. Bí a bá fi abẹ sín gbẹ́rẹ́ sí i lára, kòkòrò àrùn lè gba ibẹ̀ wọlé, ara ọmọ SS kò sì lágbára tó láti bá a jà. Ilé ìwòsàn ni ibi tó yẹ ọ́n. Bí wọ́n bá tètè mọ̀, tí wọ́n ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ibà, tó ń lo oògùn tí dókítà kọ fún un, tó sì ń mu omi dáadáa, ó lè dàgbà, kí ó kàwé, kí ó sì di òbí.

Kí ọ̀dọ́ tó sọ pé òun ti rí ẹni tí òun yóò fẹ́, kí àwọn méjèèjì ti ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn. Irú tí à ń pè ní C náà wà láàárín Yorùbá, AS àti AC sì lè bí SC, tí òun náà jẹ́ àrùn. Abéèrè kì í ṣìnà.

Lẹ́yìn ẹ̀fà

Kí ló dé tí AS fi pọ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí? Ní ọdún 1954, Anthony Allison fi hàn pé ibà kì í tètè pa ọmọ tó jẹ́ AS. Ohun tó ń pa ẹnì kan ló ń dáàbò bo ẹnì kejì. Ìdí kan la wá, a tún bá ìdí mìíràn nísàlẹ̀ rẹ̀.

Èyí tí a kò tíì rí ìdí rẹ̀ ṣì wà. Ìbejì pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Igbó-Ọrà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé àmàlà àti ọbẹ̀ ilásà ló fà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì fi ẹ̀rí tó dájú tì í lẹ́yìn. Ọ̀la sì wà níbẹ̀ tí kò ṣeé mọ̀: "Bí òní ṣe rí, ọ̀la lè má rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún."

Iṣẹ́ ṣíṣe fún akẹ́kọ̀ọ́

1. Béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín bóyá ẹnì kan jẹ́ orúkọ àbíkú nínú ẹbí. Kọ orúkọ náà àti ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.
2. Béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ bóyá AA, AS tàbí òmíràn ni ọ́. Bí wọn kò bá mọ̀, ẹ jọ lọ ṣàyẹ̀wò.