Àwáwí mẹ́ta tí Abacha fi kó ṣọ́jà wọ Bakassi: Èwo ló tẹ̀wọ̀n nínú wọn?

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Vladimir Putin, olórí ilẹ̀ Rọ́ṣíà, nídìí àwọn fẹ́ńdọ̀ ìwé ìròyìn ní Ìkòtún, àríyànjiyàn dé nìyẹn. Àwọn kan á ní akọni ni, pé ohun tó jẹ́ ti baba rẹ̀ ló ń gbà padà lọ́wọ́ Ukraine. Àwọn mìíràn á fariga, wọ́n á ní ta ní í gbé ìbọn wọ ilé aládùúgbò rẹ̀, kó tún wá ní àwọn tó wà níbẹ̀ lòun wá dáàbò bò? Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rántí ni pé Nàìjíríà náà ti wà nídìí irú ọ̀rọ̀ yìí rí. Kì í ṣe ayé àtijọ́ o, láàárín ọdún 1993 sí 1994 ni. Ọ̀gágun Sani Abacha ló wà lórí àléfà, Kamẹrúùnù ni aládùúgbò, Bakassi sì ni ilẹ̀ tí wọ́n ń jà sí.

Létí òkun ni Bakassi wà, lápá Calabar, ilẹ̀ àbàtà tí omi yí ká. Apẹja ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn Ẹ́fíìkì, Ìbíbíò, Ìjọ̀ àti àwọn mìíràn. Ẹja pọ̀ nínú omi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú àwọn ìjọba méjèèjì sì wà lára epo rọ̀bì tó wà nínú òkun agbègbè náà.

Ọjọ́ 17, oṣù Kọkànlá, ọdún 1993 ni Abacha gbàjọba lọ́wọ́ Olóyè Ernest Shonekan. Kò pẹ́ rárá tí ṣọ́jà Nàìjíríà fi dé Bakassi. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì, ọdún 1994, ìbọn ti ń dún láàárín àwọn ṣọ́jà wa àti ti Kamẹrúùnù, ẹ̀mí sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n bi ìjọba Nàìjíríà léèrè ohun tó ń wá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló rí sọ. Ẹ jẹ́ ká gbé e lórí ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀KÍNNÍ: ÀWỌN ÈÈYÀN WA LA WÁ GBÀ SÍLẸ̀

Wọ́n ní àwọn jẹ́ńdáàmù Kamẹrúùnù, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá ológun wọn, ń fìyà jẹ àwọn apẹja wa. A ò lè sọ pé irọ́ gbuu ni. Ó pẹ́ tí àwọn apẹja ti ń ké. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 1981, Kamẹrúùnù pa ṣọ́jà Nàìjíríà márùn-ún lágbègbè ibẹ̀, inú sì bí gbogbo ìlú débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ fún Alàájì Shehu Shagari pé kó gbógun dìde. Shagari ò jagun. Àwọn kan pè é ní ojo nígbà náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ní òun wá gba aláìlágbára sílẹ̀. Ní oṣù Keje, ọdún 1993, tí àwọn ará Èkó ń fẹ̀hónú hàn nítorí ìbò June 12, tí ṣọ́jà yìnbọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn lójú títì, Abacha yìí ni mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ológun. Ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 1994 ni wọ́n mú MKO Abíọ́lá, àhámọ́ náà ló sì kú sí. Ní ọdún 1995, ìjọba Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn rọ̀, nítorí pé wọ́n ń jà fún Ògónì. Ṣebí ará etí omi náà ni àwọn Ògónì? Ṣebí ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n? Ẹni tó ń fi okùn sọ́rùn ọmọ ilé, àánú wo ló ń ṣe ọmọ tó wà lókèèrè?

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká fi ìwà Abacha nìkan dá ẹjọ́ rẹ̀. Èèyàn burúkú náà lè rojọ́ àre lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àwáwí yìí ti wó ni pé, bí wọ́n bá ń lu ọmọ ẹ nílé tó rẹ́ǹtì, o lè lọ bá lánlọ́ọ̀dù jà, o lè gbé e lọ sí kóòtù, o lè kó ọmọ ẹ kúrò. Ìyẹn ò sọ ilé náà di tìẹ.

ÈKEJÌ: ILẸ̀ BABA WA NI

Èyí gan-an lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1884 ni àwọn ọba àti olóyè Calabar bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣàdéhùn pé kí wọ́n máa dáàbò bo àwọn. Nígbà tó di ọjọ́ 11, oṣù Kẹta, ọdún 1913, Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà jókòó pẹ̀lú àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso Kamẹrúùnù, wọ́n fa ààlà, Bakassi sì bọ́ sọ́dọ̀ Jámánì. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ọba Calabar. Ọmọ Yorùbá, Ọmọọba Bọ́lá Ajíbọ́lá láti Abẹ́òkúta, ni Nàìjíríà yàn láti wà lára àwọn adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà nílé-ẹjọ́ àgbáyé, ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí gbọnin: ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn ṣọ́lé ò láṣẹ láti gbé ilé fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n ta ni wọn ò fa irú ààlà bẹ́ẹ̀ fún ní Áfíríkà? Ẹ bi àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí òyìnbó gé sọ́dọ̀ Faransé, tí wọ́n wà ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Yorùbá ni wọ́n, ṣé ká wá kó ṣọ́jà lọ gba Kétu ni? Àwọn olórí Áfíríkà ti rí wàhálà yìí tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹnu kò ní Cairo lọ́dún 1964 pé ààlà tí kálukú bá nílẹ̀ lọ́jọ́ òmìnira ni kó wà bẹ́ẹ̀. Irú ìwé òyìnbó bẹ́ẹ̀, àti ìbò ọdún 1961, ló mú kí Mubi, Gwoza àti òkè Mambilla jẹ́ ti Nàìjíríà. Tá a bá fa ìwé ya torí Bakassi, ìwé Mubi ńkọ́?

ẸKẸ́TA: ÀWA LA WÀ NÍBẸ̀

Wọ́n ní ọjọ́ pẹ́ tí àwọn èèyàn wa ti ń gbé Bakassi, pé Nàìjíríà ló ń ṣètò ìlú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣòro fún ará Alimọṣọ láti dá. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Ìgándò tàbí Ẹ̀gbẹ́dá rí mọ̀ pé kí èèyàn kọ́lé síbẹ̀ ọ̀tọ̀, kí ìwé wà lọ́wọ́ ẹ ọ̀tọ̀. Ọmọ onílẹ̀ tó ní òun ò mọ̀ nípa ilẹ̀ tí baba òun tà lè kó tọ́ọ̀gì wá, ó lè fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà. Tí wọ́n bá dé kóòtù, adájọ́ á ní kí kálukú mú ìwé wá.

Ìwé ló sì ká Nàìjíríà mọ́. Ní ọdún 1962, ìjọba tiwa fúnra rẹ̀ kọ̀wé tó fi hàn pé òun gbà pé Bakassi kì í ṣe tòun. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn aṣojú ìjọba wa ní Kamẹrúùnù máa ń tọrọ àyè kí wọ́n tó lọ kí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Bakassi. Ta ní í tọrọ àyè kó tó wọ yàrá ara rẹ̀?

Àwọn kan ṣì ń sọ pé Gowon ló ta Bakassi. Ọ̀gágun Yakubu Gowon fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú Ahmadou Ahidjo ní Maroua lọ́jọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 1975 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààlà inú òkun ni ìyẹn. Bakassi fúnra rẹ̀ ti lọ láti 1913.

IBI TỌ́RỌ̀ PARÍ SÍ

Ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1994 ni Kamẹrúùnù gbé Nàìjíríà lọ sílé-ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague. Ẹjọ́ ń lọ lọ́wọ́ tí ìjà tún fi ṣẹ́ lọ́dún 1996. Abacha kú lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹfà, ọdún 1998, kò gbọ́ ìdájọ́. Lọ́jọ́ 10, oṣù Kẹwàá, ọdún 2002, adájọ́ 13 ní Kamẹrúùnù ló ni Bakassi, àwọn mẹ́ta ní rárá, Ajíbọ́lá wà nínú wọn. Ní ti ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn èèyàn wa, tó yẹ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lágbára jù lẹ́nu wa, ilé-ẹjọ́ ní ẹ̀rí tí Nàìjíríà kó wá ò tó. Ọbásanjọ́ àti Paul Biya tọwọ́ bọ̀wé ní Greentree, ní New York, lọ́jọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2006, Nàìjíríà sì yọwọ́ pátápátá lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 2008.

Ibí yìí ni ọ̀nà àwa àti Putin ti yà. Lẹ́yìn tó wọ Ukraine lọ́jọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2022, òun náà sọ pé wọ́n ń fìyà jẹ àwọn tó ń sọ èdè Rọ́ṣíà, ó sì ní ilẹ̀ náà bá Rọ́ṣíà tan. Lọ́jọ́ 16, oṣù Kẹta, ilé-ẹjọ́ kan náà ní kó dáwọ́ ogun dúró, 13 sí 2. Kò dá wọn lóhùn. Nàìjíríà jáde ní tiẹ̀, bó tilẹ̀ dùn wá wọra.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n forúkọ wọn jagun ni ìyà jẹ jù. Ọ̀pọ̀ apẹja kó ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi ibi tí wọ́n bí wọn sí sílẹ̀, wọ́n wá di ẹni tó ń wá ibùgbé ní Cross River àti Akwa Ibom. Àwọn tó kù síbẹ̀ wà lábẹ́ ìjọba tí ṣọ́jà wa bá jà. Bí olórí kan bá tún dìde lọ́la, tó ní òun fẹ́ fi ìbọn gba àwọn èèyàn òun sílẹ̀ lẹ́yìn odi, kí wọ́n kọ́kọ́ ní kó ka iye àwọn tó wà lẹ́wọ̀n rẹ̀ nílé.