Ẹ má pè é ní aláìmoore mọ́ o! Ìyá ọmọ tó ń dá sunkún nínú yàrá, àìsàn ló ń ṣe é

Bí obìnrin bá ti bímọ nílẹ̀ Yorùbá, ohun àkọ́kọ́ tí àlejò tó bá wọlé máa ń sọ ni pé 'Ẹ kú ewu ọmọ o.' Àwọn ará ilé náà yóò sì dáhùn pé ewu iná kì í pa àwòdì. Ìkíni yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, àwọn àgbà wa mọ̀ pé ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run ni obìnrin tó ń rọbí máa ń wà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé bí ọmọ bá ti ké, tí ibi ọmọ sì ti jáde, ewu ti tán nìyẹn. Ewu ò tíì tán o. Àwọn dókítà tó ti ń ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn sọ pé ewu kan wà tí kì í mú ara gbóná, tí ẹ̀jẹ̀ kì í sì í dà níbẹ̀, inú ọkàn ìyá ọmọ ló máa ń wọ̀ sí.

Wọ́n á ti sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n á ti se ìrẹsì, wọ́n á ti ya fọ́tò, àlejò á ti lọ. Ìyá ọmọ yóò kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá, omi yóò máa bọ́ lójú rẹ̀ pòròpòrò. Ọmọ ń ké, àfi bíi pé kò gbọ́. Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún un ti tutù. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé, yóò ní kò sí nǹkan. Kíá ni ẹjọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Ìyá ọkọ yóò ní ìyàwó ọmọ òun ya ọ̀lẹ, pé ṣebí òun bí mẹ́fà, òun sì ń lọ sọ́jà. Ẹlòmíì yóò ní aláìmoore ni, ẹni tó ń wá irú ẹ̀ lójú méjèèjì kò rí i. Tó bá tún pẹ́ díẹ̀ sí i, wọ́n á ní ayé ló ń ṣe é. Ọkọ yóò fi ìbínú jáde nílé, ó di ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ rárá. Àìsàn ni, ó lórúkọ, ó sì ní ìtọ́jú. Ohun tó tún máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni pé nọ́ọ̀sì tó wà ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò yín lè tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá ló sì ṣèwádìí ọ̀hún, nílẹ̀ Yorùbá níbí.

MẸ́TA NI WỌ́N, WỌN KÌ Í ṢE Ọ̀KAN NÁÀ

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, ó yẹ ká ṣàlàyé pé ọ̀nà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí pín sí. Àkọ́kọ́ ni ẹkún ọjọ́ díẹ̀. Láàrin ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹwàá tí obìnrin bá bímọ, ó lè máa sunkún láìnídìí, kí inú tètè máa bí i, kó sì tún rẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyípadà inú ara lẹ́yìn ìbímọ àti àìsùn wà lára ohun tó ń fà á. Tó bá ti lè sùn dáadáa, tí wọ́n sì ń ràn án lọ́wọ́, yóò lọ fúnra rẹ̀.

Ìkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Èyí kì í lọ bọ̀rọ̀. Bí obìnrin bá fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko wà nínú ìbànújẹ́, tí nǹkan tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí kò lè sùn kódà nígbà tí ọmọ bá sùn, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kì í ṣe ìyá gidi, tó ń rò ó pé ì bá sàn kí òun kú, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹkún ọjọ́ díẹ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀yìn ìbímọ nìkan ló máa ń bẹ̀rẹ̀. Àìmọye obìnrin ló jẹ́ pé inú oyún ló ti mú wọn, ṣùgbọ́n oyún ni gbogbo èèyàn ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Ìkẹta ni èyí tí àwọn àgbà wa mọ̀ dáadáa, tí wọ́n sì sọ lórúkọ, ìyẹn abísínwín. Kò wọ́pọ̀ rárá, nínú 1,000 obìnrin tó bímọ, bóyá ni yóò mú ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà kò ní sùn, yóò máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì kò gbọ́, ó lè máa sọ pé ọmọ náà kì í ṣe èèyàn. Èyí kò gba dúró-ná o. Ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, tàbí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ bíi Arọ́ l'Ábẹ́òkúta tàbí Yábàá l'Ékòó. Kí wọ́n má sì fi òun àti ọmọ sílẹ̀ láwọn nìkan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé abísínwín nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Bí obìnrin kò bá ti já sáré lójú títì, a ó ní kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ kò sì ní fẹ́ sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà pè é ní wèrè, kí wọ́n má baà gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

ÀWỌN KAN NÍ ÀÌSÀN ÒYÌNBÓ NI

Nígbà kan, àwọn dókítà òyìnbó pàápàá rò pé irú ìrẹ̀wẹ̀sì yìí kò sí nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n ní ẹbí pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń bá abiyamọ gbé ọmọ, níbo ni yóò ti rí àyè banú jẹ́? Dókítà kan tí wọ́n ń pè ní John Cox lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Uganda láwọn ọdún 1970. Ó yẹ àwọn aboyún wò níbẹ̀, nígbà tó sì yá, ó fi àwọn obìnrin Uganda tó bímọ wé àwọn ti Scotland. Ó rí i pé iye àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú ní Uganda kò jìnnà sí iye tó mú ní Scotland. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Lọ́dún 1987, Cox àti àwọn obìnrin méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky, gbé ìbéèrè mẹ́wàá kan jáde, wọ́n fi orúkọ ìlú Edinburgh pè é. Kò gba ẹ̀jẹ̀, kò gba ìtọ̀, kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin náà láàrin ọjọ́ méje sẹ́yìn ni wọ́n ń béèrè: ṣé ó ṣì ń rẹ́rìn-ín, ṣé ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ṣé ẹ̀rù ń bà á láìnídìí, ṣé ìbànújẹ́ ń gba oorun lójú rẹ̀, ṣé èrò láti ṣe ara rẹ̀ léṣe ti wá sí i lọ́kàn. Òdo sí mẹ́ta ni máàkì ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ 30. Bí máàkì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ ń le sí i. Nílẹ̀ yìí pàápàá, àwọn dókítà wa ti yẹ ìbéèrè náà wò lára àwọn obìnrin wa, wọ́n sì rí i pé ó ṣiṣẹ́.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ N'ÍLÉṢÀ

Ọ̀kan nínú àwọn dókítà bẹ́ẹ̀ ni Abíọ́dún Adéwuyà, tó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, nígbà náà. Òun àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ sáwọn ilé ìwòsàn tó wà nílùú Iléṣà, níbi tí àwọn ìyá ti ń gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n yẹ obìnrin 876 wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tí wọ́n bímọ, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn obìnrin mìíràn tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lọ́dún 2005 tí àbájáde rẹ̀ jáde, ohun tí wọ́n rí ni pé 128 nínú àwọn abiyamọ náà ni ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú. Ìyẹn ni pé bí abiyamọ méje bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn máa ru ẹrù yìí láìsọ fún ẹnì kankan. Láàrin àwọn tí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, bíi mẹ́fà péré ni nínú 100.

Àwọn wo ló tètè máa ń mú? Ìwádìí wọn fi hàn pé ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún obìnrin tí wọ́n dá dúró sí ọsibítù nígbà tó lóyún, èyí tí ọmọ rẹ̀ kò pé oṣù tó fi jáde, èyí tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ tàbí irinṣẹ́ gbẹ̀bí rẹ̀, àti èyí tí kò sí lọ́dọ̀ ọkọ. Ọ̀kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí ojú ti àwa èèyàn fún: àwọn tó bí ọmọbìnrin. Kì í ṣe pé ọmọbìnrin ń gbé àìsàn wá o. Ẹnu àwa tá à ń béèrè pé 'ọkùnrin ńkọ́?' ló ń gbé e wá. Obìnrin tó ti bí obìnrin mẹ́ta, tó ń rò ó pé ọkọ òun lè torí ẹ̀ lọ fẹ́ ìyàwó mìíràn, ṣé a fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa jó ni?

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ ìyá nìkan ni, kí ó gbọ́ èyí. Lọ́dún 2008, Adéwuyà àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí ọmọ àwọn ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú. Wọ́n rí i pé ní oṣù kẹta àti oṣù kẹfà, àwọn ọmọ náà kò tóbi tó àwọn ẹgbẹ́ wọn, ìgbẹ́ gbuuru sì ń yọ wọ́n lẹ́nu jù, bẹ́ẹ̀ làwọn ìyá wọn tètè ń já wọn lẹ́nu ọmú. Ọmọ tí gbogbo ilé ń pé lé lórí náà ló ń jìyà àìsàn tí wọ́n ní kò sí.

NỌ́Ọ̀SÌ ÀDÚGBÒ LÈ WÒ Ó

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn rèé. Dókítà ọpọlọ kò pọ̀ ní Nàìjíríà, kò lè kárí. Èyí ló mú kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje, Dókítà Bibilọlá Ọládèjì àtàwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ìbàdàn ronú pé ṣé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí aboyún lójoojúmọ́ kò lè ṣe é ni? Wọ́n mú ilé ìwòsàn aboyún 29 ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Aboyún 686 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú ni wọ́n gbà wọlé, oyún wọn wà láàrin ọ̀sẹ̀ 16 sí 28.

Wọ́n pín àwọn ilé ìwòsàn náà sọ́nà méjì. Ní apá kan, ìtọ́jú kékeré ni wọ́n ń fún aboyún: nọ́ọ̀sì á jókòó tì í, á gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, á ṣàlàyé ohun tó ń ṣe é, á sì gbà á nímọ̀ràn. Ní apá kejì, wọ́n fi ìjókòó ẹ̀ẹ̀mẹjọ kún un, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. Níbẹ̀, obìnrin náà yóò ka ìṣòro rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò mú ọ̀kan, òun àti nọ́ọ̀sì yóò wá ọ̀nà àbáyọ, yóò lọ dán an wò nílé, yóò sì padà wá jábọ̀.

Nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, wọ́n tún yẹ wọ́n wò. Lọ́dún 2019 tí wọ́n gbé èsì jáde, 70 nínú 100 lára àwọn onítọ̀ọ́jú ńlá ni ara wọn ti yá pátápátá, lára àwọn onítọ̀ọ́jú kékeré, ó jẹ́ 66. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Òótọ́ ni pé kò sí àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ láìtọ́jú nínú ìwádìí náà, a ò sì lè sọ pé iye báyìí ni ara wọn ì bá yá láìsí nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ohun tó hàn kedere ni pé kò dìgbà tí ìtọ́jú bá di ńlá kí ara obìnrin tó yá. Àwọn tí tiwọn le gan-an nìkan ni ìjókòó ẹ̀ẹ̀mẹjọ náà ràn lọ́wọ́ ju ìmọ̀ràn kékeré lọ. Ó sì tún mú kí àwọn ìyá tó ń fún ọmọ ní ọmú nìkan, láìfi omi kún un, pọ̀ sí i.

KÍ NI KÍ ARÁ ILÉ ṢE?

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin lẹ wà nítòsí jù. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lóru kó lè sùn wákàtí mẹ́rin gbáko. Ẹ bi í pé báwo ni ọkàn rẹ̀ ṣe rí, kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Bí ó bá sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ má rò pé ó ń dẹ́rù bà yín ni, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ mú un lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó tẹ́ ẹ wá wẹ ọmọ, bẹ́ ẹ ṣe ń fi omi gbígbóná wẹ ìyá ọmọ náà ni kẹ́ ẹ máa fi ọ̀rọ̀ tútù bá a sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà, kò sẹ́ni tó ní kó má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má ṣe nà án, ẹ má ṣe fi ebi pa á pé ẹ̀ ń lé ẹ̀mí èṣù jáde. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì aboyún tàbí abẹ́rẹ́ ọmọ, kẹ́ ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì bó ṣe rí gan-an. Bí dókítà bá ní ó nílò oògùn, àwọn kan wà tí ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú lè lò, ẹ má ṣe dá a dúró láìbi dókítà.

Ìjọba náà kò gbọdọ̀ sùn. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó rọ́pò òfin tí wọ́n ti ń lò láti ayé àwọn amúnisìn. Òfin tuntun náà lòdì sí kí wọ́n máa fi ojú burúkú wo ẹni tí irú àìsàn yìí bá ń ṣe. Òfin inú ìwé kò tó o. Ìbéèrè mẹ́wàá péré ni, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Níbi tí wọ́n bá ti ń wọn ìfúnpá aboyún, tí wọ́n sì ń wọn ọmọ lórí òṣùwọ̀n, kí ló dé tí wọn kò lè béèrè bí ọkàn ìyá ṣe rí?

Nítorí náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún lọ kí ẹni tó bímọ, tẹ́ ẹ bá ti gbé ọmọ, tẹ́ ẹ ti ṣàdúrà, tẹ́ ẹ sì ti fi owó lé e lọ́wọ́, ẹ fà sún mọ́ ìyá, kẹ́ ẹ rọra bi í léèrè pé, 'Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé ò ń sùn?'