Ta Ló Máa Sọ̀rọ̀ Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bá Ń Bá Èèyàn Wa Mí?

Ọ̀rọ̀ tòní wúwo díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́: ẹ̀rọ life support, àti ìpinnu tó máa ń já lé ẹbí lórí nígbà tí àìsàn bá ti le kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹ wò ó báyìí. Rọpárọsẹ̀ gbé bàbá ṣánlẹ̀ ní Oǹdó. Àkọ́bí ń gbé ní Àkúrẹ́, èkejì wà ní Èkó, àbíkẹ́yìn wà ní London. Dókítà ní bàbá ò lè dá mí mọ́, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Lórí WhatsApp ẹbí, ẹnì kan ní kí wọ́n máa bá a lọ, ẹnì kan ń bèèrè owó ojúmọ́, ẹlòmíì ń gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ló pa bàbá.

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ẹ̀rọ yìí kì í wo àìsàn. Ó kàn ń bá ẹ̀dọ̀fóró ṣiṣẹ́ ni, kí oògùn àti ara lè ráyè jà. Bí àìsàn náà bá ṣeé wò, ẹ̀rọ lè gbé èèyàn kọjá. Bí ọpọlọ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ẹ̀rọ ò lè dá a padà. Nítorí náà, ẹ bi dókítà pé: “Kí lẹ ń retí kí ẹ̀rọ yìí ṣe? Ọjọ́ wo la máa tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò?”

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ pé kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú, ewu rẹ̀ àti owó rẹ̀ fún aláìsàn ní èdè tó yé e. Aláìsàn sì lè ní òun ò fẹ́. Ní 1991, obìnrin kan kọ̀ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí òun lára nítorí ẹ̀sìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Nígbà tó kú, wọ́n fìyà jẹ Dókítà Okonkwo tó tọ́jú rẹ̀. Ní 2001, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá dókítà náà láre. Ṣùgbọ́n kí èèyàn kọ ìtọ́jú yàtọ̀ sí kí ẹnì kan gún un lábẹ́rẹ́ ikú. Ọ̀daràn nìyẹn lábẹ́ òfin wa.

Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ dúró, ìtọ́jú ò gbọdọ̀ dúró. Oògùn ìrora ṣì wà, wọ́n á máa fi omi tu ẹnu rẹ̀, ọmọ á di ọwọ́ òbí rẹ̀ mú. Ẹ̀ka kan wà ní UCH Ìbàdàn fún irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Mo bi ìyá mi ní ìbéèrè yìí. Wọ́n wò mí dáadáa, wọ́n ní, “Bí mo bá ṣì lè dá yín mọ̀, ẹ jà fún mi. Bí dókítà bá ní kò sí ọ̀nà mọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ ní ìrọ̀rùn. Ẹ má ta ilẹ̀ bàbá yín.” Mo kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, mo fi ránṣẹ́ sáwọn ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀yin náà, ẹ bi àwọn òbí yín nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Ẹ bèèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ kó gbẹnu sọ fún wọn. Lọ́jọ́ tí dókítà bá pe ẹbí jọ, ọ̀rọ̀ òbí fúnra rẹ̀ lẹ ó máa tẹ̀ lé.