A Ń Wọn Kẹ̀kẹ́, A Kì Í Wọn Ẹni Tí Ń Gùn Ún

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo eré kẹ̀kẹ́ ológeere ti ilẹ̀ Faransé lórí tẹlifíṣọ̀n, ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé òfin wà fún ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń gùn? Èyí tí kò bá tó kílò 6.8 kò gbọdọ̀ wọ eré náà rárá. Ìwọ̀n yìí kò ju pọ́n-ùn 15 ti àtijọ́ lọ. Kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ síbi iṣẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ó tún lé.

UCI, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré kẹ̀kẹ́ ní gbogbo àgbáyé, ni ó ṣe òfin yìí, ó sì fi ìdí múlẹ̀ ní ọdún 2000. Ẹni tí ń gun òkè ń gbé ara rẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ̀ ni. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ kílò 77, tí òkè náà sì gba wákàtí kan, kílò kan tí a bá yọ kúrò lè mú kí ó fi ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yá sí i. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbẹ́ kẹ̀kẹ́ bí agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ igi. Kẹ̀kẹ́ tí Eddy Merckx, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, fi gun kìlómítà 49.431 ní wákàtí kan ní Mẹ́síkò ní 1972 kò tó kílò 6. Wọ́n tilẹ̀ lu ihò sí ṣéènì rẹ̀. Orí pápá tí ó dán ni ìyẹn. Lójú ọ̀nà tí ó rí gbágungbàgun, ohun tí a gbẹ́ di tín-ín-rín lè ṣẹ́, ìbẹ̀rù yìí sì wà lára ohun tí ó bí òfin náà.

Síbẹ̀, ìwọ̀n nìkan kò tó. Ní oṣù April 2006, nígbà tí òfin náà ti wà, ọ̀pá tí ó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ George Hincapie, ọmọ Amẹ́ríkà, mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ṣẹ́ nínú eré Paris-Roubaix. Ó ṣubú, ó sì fi èjìká ṣèṣe. Lónìí ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti mọ bí a ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí ó fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ tí ó sì lágbára, débi pé àwọn mìíràn ti so irin mọ́ tiwọn rí kí ó lè tó ìwọ̀n. Ní tèmi o, òfin náà ti gbó díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Ibi tí ó ti ń kọ mí lóminú ni pé nígbà tí kẹ̀kẹ́ kò lè fúyẹ́ mọ́, ara ènìyàn ni ó kù tí wọ́n ń gbẹ́. Àwọn tí ń fi pákó fò lórí yìnyín ní ilẹ̀ òtútù rí irú ewu yìí, láti 2004 sì ni wọ́n ti pàṣẹ pé ẹni tí ó bá rù jù fún gíga rẹ̀, pákó kúkúrú ni yóò lò. Eré kẹ̀kẹ́ kò ní irú rẹ̀.

Ní 2014 ni ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì sọ àìsàn tí ó ń ti ibi àìjẹun-tó yìí wá ní RED-S. Ara tí owó oúnjẹ rẹ̀ kò pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ owó kù níbi gbogbo: nǹkan oṣù obìnrin a dúró, agbára ọkùnrin a rẹ̀, ọ̀fìnkìn kò ní tán, oorun a dá, egungun a sì di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ti oníkẹ̀kẹ́ tún le sí i, nítorí pé orí gàárì ni ó ń jókòó sí. Ẹsẹ̀ tí kò ru ara kì í mú egungun le bí ìrìn tàbí fífò.

Bàbá kan kọ̀wé sí mi pé ọmọ òun ọkùnrin, ẹni ọdún 16, tí ó ń kọ́ eré kẹ̀kẹ́, kò jẹ ẹ̀bà alẹ́ mọ́, ó ní òun fẹ́ fúyẹ́. Bàbá, ẹ má bá a jà lórí àwo. Ẹ fún un ní oúnjẹ kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ àti lẹ́yìn tí ó bá dé, ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja kí ó wà níbẹ̀, kí ó sì máa fi ẹsẹ̀ sáré díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Bí ó bá ń rù sí i, tàbí tí ó ń fi ara pamọ́ jẹun, tàbí tí egungun bá ṣẹ́ níbi ìṣubú kékeré, ẹ mú un lọ sí ọ́sípítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó ń dín oúnjẹ kù, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ lè má sọ ọ́.