Ta Ni Yóò Kọ́ Wọn Lò Ó?

Bí òṣèlú tàbí ẹgbẹ́ aláàánú bá fẹ́ ṣe àwọn akàndá ẹ̀dá lóore ní Nàìjíríà, ohun tí a sábà máa ń rí ni àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n tò sórí pápá, ọ̀pá funfun tí wọn ò tíì tú ọ̀rá rẹ̀, kámẹ́rà àti àtẹ́wọ́. Ẹni tó máa padà lọ ní ọdún kejì láti béèrè pé àwọn nǹkan náà dà ló ṣọ̀wọ́n. Àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Phillips àti Zhao, béèrè é ní tiwọn. Ní 1993, wọ́n tẹ èsì ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àgbàlagbà 227 tó ń lo ẹ̀rọ ìrànwọ́ lóríṣiríṣi jáde, wọ́n sì rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ, bí 29 ni àwọn tó ni ín ti pa tì. Ìdí mẹ́rin ni wọ́n dì mú. Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àyípadà tó dé bá ohun tí ẹni náà nílò. Àwọn méjì tó kù ló yẹ kó ká wa lára: wọn ò fi ti ẹni tó fẹ́ lò ó ṣe nígbà tí wọ́n ń yan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì rọrùn jù láti rí gbà. Lójú tèmi, ibi tí ènìyàn ti lè dán ẹ̀rọ wò, tí wọn yóò ti kọ́ ọ lò ó, tí wọn yóò sì bá a tún un ṣe, ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Ìtàn ibùdó kan ní ìlú Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, ni mo fẹ́ fi gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀.

Ilẹ̀ Berkeley ti rọ̀ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1962 ni Ed Roberts, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti rọ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ yunifásítì ibẹ̀. Ilé ìwòsàn inú ọgbà ni wọ́n fi í sí, nítorí ẹ̀rọ onírin ràgàjì tó ń bá a mí wúwo ju ohun tí yàrá akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà lọ. Ní 1972, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Center for Independent Living dìde, níbi tí àṣẹ ti wà lọ́wọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá fúnra wọn. Nígbà tó di 1983, tí kọ̀ǹpútà Apple IIe ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwọn òbí kan kó ara wọn jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Disabled Children's Computer Group. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ tí kò lè di pẹ́ńsù mú náà lè kọ nǹkan tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo bí irú iṣẹ́ yìí ṣe rí nígbà náà. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kò lè tẹ kíbọ́ọ̀dù, nítorí náà wọ́n á so bọ́tìnnì ńlá kan ṣoṣo mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwọn lẹ́tà á tò sójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa rìn lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá ti dé orí èyí tí ọmọ fẹ́, yóò gbá bọ́tìnnì. Lẹ́tà kan ṣì nìyẹn o. Kò sí ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá tó lè sọ bóyá ẹ̀bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí wọ́n gbé bọ́tìnnì sí, àbí ẹ̀gbẹ́ orúnkún, àbí abẹ́ ẹsẹ̀. Kò sì lè sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rọra rìn tó kó má baà kọjá ọmọ. Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n, dókítà pàápàá lè má mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ti bá ọmọ mìíràn ṣe é rí ló mọ̀ ọ́n, ó sì yẹ kí ibì kan wà tí òbí lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Èrò náà tàn kálẹ̀. Ní 1987, àwọn ibùdó bíi ti àwọn òbí Berkeley para pọ̀ di Alliance for Technology Access, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ilé iṣẹ́ Apple. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin lórí ẹ̀rọ ìrànwọ́, èyí tó sì wù mí nínú òfin náà ni pé kò dárúkọ ẹ̀rọ nìkan. Ó ka yíyan ẹ̀rọ, títún un ṣe, àti kíkọ́ ẹni tó ni ín àti àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́ ohun tí owó ìlú yẹ kó ṣe.

Àwọn kan á ní ayé ti kọjá ìyẹn. Iṣẹ́ tí Trace Center, ibùdó ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní Wisconsin ní 1971, ṣe ti wọ inú Windows 95: ẹni tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀wé lè tẹ Shift, kó tó wá tẹ lẹ́tà, láìdi méjèèjì mú pọ̀. Láti 2009 ni iPhone àti Android ti ń ka ojú ara wọn sókè fún afọ́jú, láìfi kọ́bọ̀ kún owó fóònù. Kí la tún fẹ́ fi ibùdó ṣe? Òótọ́ ni pé owó ẹ̀rọ ìrànwọ́ ti wálẹ̀, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tan ohùn yẹn lórí fóònù, ìwà fóònù yí padà. Títẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ṣí nǹkan kan mọ́. Ìka kan ni wọ́n fi ń fà á sápá ọ̀tún kó lè máa dárúkọ ohun tó kàn, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Afọ́jú tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún á rò pé fóònù ti bàjẹ́, ará ilé tó ríran á sì sáré bá a pa ohùn náà. Bó bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lò, ó lè dé ìkànnì kan kí fóònù máa pe "button, button, button", nítorí pé ẹni tó ṣe ìkànnì kò fún àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ lórúkọ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ibùdó àwọn òbí Berkeley fi gbòòrò. Ó di Center for Accessible Technology, ó kó lọ sí Ed Roberts Campus, ilé tí wọ́n ṣí ní 2010 lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin Ashby, tí ọ̀nà pupa fífẹ̀ kan lọ́ yípo gòkè nínú rẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ bákan náà. Ó ń yẹ ìkànnì wò fún àwọn tó ni ín, àwọn lọ́yà rẹ̀ sì ń gbẹnu sọ fún akàndá ẹ̀dá níwájú àjọ California tó ń ṣàkóso iná àti tẹlifóònù. Ẹnìkan lè ní wọ́n ti fi ọmọ sílẹ̀ lọ sídìí òfin. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ ń bá mí, tí wọ́n já iná rẹ̀, kí ló fẹ́ fi ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ṣe?

Ọ̀rọ̀ owó ló le jù. Àjọ ìlera àgbáyé àti UNICEF sọ ní 2022 pé ènìyàn tó lé ní bílíọ̀nù 2.5 ló nílò ẹ̀rọ ìrànwọ́, àti pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà kan, mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí i lò. Síbẹ̀, òbí ló bẹ̀rẹ̀ ti Berkeley, kì í ṣe ìjọba. NVDA tó ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀fẹ́ ni. Afọ́jú kan ní Australia ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Nílé níbí pàápàá, ibùdó Federal Nigeria Society for the Blind ní Oṣòdì ti ń kọ́ afọ́jú níṣẹ́ láti àwọn ọdún 1950, a sì ti ní òfin tó tako ìyàsọ́tọ̀ akàndá ẹ̀dá láti oṣù kìíní 2019. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti pín àádọ́ta àga oníkẹ̀kẹ́ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pín ogójì. Ẹ fi owó mẹ́wàá yòókù gba ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, tó sì mọ̀ ọ́n kọ́ni, kí ẹ wá ibi tí wọn yóò ti máa bá a.