Bí Ọkọ̀ Àtijọ́ Bá Ń Yìnbọn Lẹ́yìn Ìkún Omi

Ẹ̀yin tí ẹ gbé Peugeot 504 tàbí ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn kúrò nínú omi wá sí Odò-Ẹrẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì bá ń yìnbọn ṣáá, ẹ má tíì fi owó ìrànwọ́ ra kabúrétọ̀ tuntun. Ó lè jẹ́ omi lásán ló fà á.

Kí ẹ tó sitáàtì ọkọ̀, ẹ fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ má sitáàtì rẹ̀ rárá. Ẹ pe mẹkáníìkì.

Bí ọ́ìlì bá dára, ẹ fetí sí ibi tí ìró ti ń jáde.

Láti sàlẹ́ńsà: púlọ́ọ̀gì kan lè má taná dáadáa, kí epo tí kò jó wá lọ jó níbẹ̀. Ẹ pa ọkọ̀. Ẹ ṣí ìdérí dístríbútọ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ wò ó bóyá ó sán. Ẹ nu púlọ́ọ̀gì àti wáyà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wáyà má baà ṣì ibi gbà.

Láti kabúrétọ̀: omi lè wà nínú epo, tàbí kí wáyà méjì ti gba ipò ara wọn. Ẹ fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò tó mọ́ gaara, níbi tó jìnnà sí iná. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò.

Bí ìró kò bá dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ táìmín, iṣẹ́ mẹkáníìkì sì nìyẹn. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò fún un, kí ó má baà tún gba owó lórí rẹ̀. Ọkọ̀ yìí náà ni ẹ ó fi kó ẹrù padà sílé.