Owó Èènì ní Ilẹ̀ Mẹ́kà

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, kò sí ẹni tí ó ń ná ọjà ní Awo tí kò mọ èènì. Bí ẹ bá ra gàrí tàbí ẹ̀wà, tí ẹni tí ó tà á ti wọ̀n ọ́n tán, yóò tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Kò jẹ yín ní gbèsè rẹ̀. Inú dídùn ni ó fi fún yín, òun náà ni ó sì ń mú kí ẹ padà sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀lé ọkọ tàbí ìyá ọkọ lọ sí Hájì, ọ̀ràn náà yóò yí padà: ẹ̀yin tí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni yóò di ẹni tí ń fún un ní èènì. Obìnrin tí kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín èènì, owó ọ̀yà, sàráà àti àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lè ná owó tí ó fi ọdún púpọ̀ kó jọ tán kí ọjọ́ Àráfà tó pé.

Ìrìn ẹsẹ̀ ni Hájì jẹ́ fún àwọn baba wa. Kí ọkọ̀ òfuurufú tó dé, àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà a máa gba Kánò àti Bọ̀rnú kọjá sí Ṣáàdì àti Sùdáànì, títí wọn yóò fi dé etí Òkun Pupa. Ìrìn náà a máa gba ọdún púpọ̀, nítorí wọn a máa dúró lọ́nà ṣe iṣẹ́ oko olóko kí wọ́n lè rí owó oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ni kò padà wálé mọ́. Àwọn ọmọ wọn ṣì wà ní Sùdáànì, wọ́n sì wà ní Mẹ́kà fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn Lárúbáwá ti ń pè wọ́n ní Tákárínà. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá na ọwọ́ gba ẹrù yín níbẹ̀ ni ó jẹ́ àjèjì sí yín pátápátá.

Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó àwọn onírìnàjò Hájì sílẹ̀, wàhálà ọ̀nà sì ti dín kù gan-an láti ìgbà náà. Síbẹ̀, ẹni tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú yóò ṣì rìn. Láàárín Sàfá àti Máríwà nìkan, nǹkan bíi mítà 450 ni ìrìn ẹ̀ẹ̀kan, ìgbà 7 ni a ó sì rìn ín, èyí tí ó lé ní kìlómítà 3. Ẹ ro ti ìyá ọkọ yín tí orúnkún ń dùn.

Àwọn ọkùnrin wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títi àga onítáyà fún irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ọ̀yà ni owó tiwọn, kì í ṣe èènì. Ẹni tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ tí àwọn aláṣẹ Mọ́sálásí fún un ni kí ẹ pè. Kí ìyá tó jókòó, ẹ bèèrè iye tí yóò gbà, kí ó kọ ọ́ sórí fóònù rẹ̀ kí ẹ rí i, nítorí èdè lè yàtọ̀ ṣùgbọ́n nọ́ńbà kò yàtọ̀. Ẹ tún bèèrè bóyá ìyípo Káábà wà nínú iye náà, tàbí ìrìn Sàfá nìkan ni. Ìjà tí ó ń bẹ́ sílẹ̀ nídìí iṣẹ́ yìí kì í sábà ti ọwọ́ olè wá, àìbèèrè ni. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ní agbára láti ti ìyá, àga kan wà tí Mọ́sálásí ń yá ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ẹ gbà bá fi sùúrù ṣe é, tí ó ń dúró kí ìyá mu omi, tí kò sáré gbá a mọ́ ẹlòmíràn, ẹ san ọ̀yà rẹ̀ pé, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi èènì lé e.

Ìkirámíyà ni àwọn Lárúbáwá ń pe irú owó yìí, ọ̀rọ̀ náà sì bá ọ̀rọ̀ wọn fún bíbu ọlá fún ènìyàn tan. Kì í ṣe dandan. Láti ọdún 1986 ni dọ́là 1 ti jẹ́ ríyàlì 3.75, nítorí náà ríyàlì 100 kò tó dọ́là 27. Bí ẹ bá ya ríyàlì 100 yìí sọ́tọ̀ fún èènì láti ọjọ́ tí ẹ dé, tí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ sí bébà 5 àti 10, yóò gbé yín dé òpin ìrìnàjò. Ẹni tí bébà 100 nìkan wà lápò rẹ̀ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní 5, ojú yóò sì tì í láti bèèrè ṣéńjì lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ ta lọ́rẹ.

Ríyàlì 5 tó fún ẹni tí ń tún yàrá yín ṣe, ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí ó bá gbé àpótí wúwo gun òkè fún yín lè gba 10. Ní ti awakọ̀, kí gbogbo ọkọ̀ dá owó jọ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Obìnrin tí ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin ni a máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀ ni èmi kò lè ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbálẹ̀ yí Mọ́sálásí ká wá láti Bangladesh. Àwọn ọmọ wọn ń dúró de owó nílé, gẹ́gẹ́ bí tiyín ti ń dúró dè yín ní Awo. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi fún wọn, kí ẹ ká bébà náà, kí ẹ sọ pé “ṣukurán”, kí ẹ sì máa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya àwòrán ẹni tí ẹ fún lówó.

Òfin wà ní ti ẹran. Ní Hájì ìdágbére, Ànọ́bì Muhammad fi àwọn ràkúnmí rẹ̀ sí ìkáwọ́ Álíyù, ó sì kọ̀ fún un láti fi ohunkóhun lára wọn san owó alápatà. Owó ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi san án. Èyí kan ẹ̀yin tí ẹ wà nílé pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé awọ àti ọrùn àgbò Iléyá ni ẹ bá alápatà ṣe àdéhùn lé lórí, kò tọ́. Ẹ san owó rẹ̀ ná, kí ẹ tó bu ẹran fún un bí ẹ ti ń bù fún aládùúgbò.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìgbìmọ̀ Hájì ń kọ́? Ìjọba ti san owó wọn. Owó tí ẹ bá fún wọn kí wọ́n lè fi yín sí yàrá tí ó dára ju ti ẹlòmíràn lọ, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, orúkọ yòówù kí ẹ pè é. Agbowó sàká kan wà láyé Ànọ́bì, ọmọ Lútúbíyà, tí ó mú owó dé, tí ó sì ya apá kan sọ́tọ̀ pé ẹ̀bùn tòun ni. Ànọ́bì bi í léèrè bóyá ẹ̀bùn náà ìbá tọ̀ ọ́ wá ká ní ó jókòó sílé ìyá rẹ̀.

Ó ku owó tí àwọn ará ilé àti ẹgbẹ́ àsàlátù fi rán yín pé kí ẹ bá wọn ṣe sàráà. Ẹ kọ orúkọ àti iye rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì fi í sí àpò tirẹ̀. Bí èènì bá tán, ẹ má fọwọ́ kàn án, kódà bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti dá a padà. Ẹ má sì ṣe pín in lójú pópó. Láti ọdún 2021 ni òfin ilẹ̀ Sáúdì ti ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó ń tọrọ báárà, èrò a sì máa rọ́ bo ẹni tí ó bá tú owó síta. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní ọ̀nà tí a ń gbà fi ọrẹ sílẹ̀ fún aláìní; ẹ ní kí olórí ikọ̀ yín fi hàn yín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ ó padà, ẹ wo ìsàlẹ̀ àpò yín. Owó ẹyọ ni ríyàlì 1 àti 2, ó sì ṣòro láti pààrọ̀ owó ẹyọ ní Òṣogbo. Ẹ kó wọn jọ fún ẹni tí ó tún yàrá yín ṣe, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́, kí ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí kò ní fẹ́ mú ohun tí kò dá a lójú pé tirẹ̀ ni.